Ìtàn Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Iṣẹ́ Ọnà nílùú Èkó

Ilé ẹ̀kọ́ girama ti CMS, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859, ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀kọ́ l'Ékòó. Àwọn lọ́yà, dókítà àti àlùfáà tó ti ibẹ̀ jáde ni wọ́n ń kà fún wa. Àmọ́ ìtàn mìíràn wà tí kò rí ojú ìwé tó bẹ́ẹ̀: ti alágbẹ̀dẹ, bíríkìlà, káfíńtà, atẹ̀wé, ayàwòrán àti mẹ́káníìkì. Àwọn wọ̀nyí ló mọ ilé ìlú náà, tí wọ́n tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì fi ọnà sí ara rẹ̀. Àwọn náà lọ sílé ẹ̀kọ́, yálà abẹ́ igi ni ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún wà tàbí inú ọgbà ìjọba.

Tí a bá tọ ipasẹ̀ ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun méjì ló ń gbé e ró tàbí tí ń bì í ṣubú. Èkíní ni iṣẹ́ tó ń dúró de ẹni tó kọ́ṣẹ́. Èkejì ni iyì tí ìlú ń fún un. Níbi tí méjèèjì bá ti pàdé, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ á gbilẹ̀ l'Ékòó, ìbáà jẹ́ ìjọba kò dá sí i. Níbi tí ọ̀kan bá ti sọnù, ilé tó dára àti ẹ̀rọ tuntun kò lè gba ẹ̀kọ́ náà là.

Kí ìwé tó dé

Àwọn Àwórì sọ pé ọdẹ kan tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá, Ògúnfúnminírè, ló tẹ̀lé àwo tó léfòó lórí odò títí tí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rì. Láti ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣí lọ sí Ìddó àti sí Erékùṣù Èkó. Ìtàn tí Ìbíní ń sọ yàtọ̀: bùdó ogun Ọba Ìbíní ni wọ́n ní Èkó jẹ́. Ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ tó pẹ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Andreas Josua Ulsheimer, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì tó bá ọkọ̀ òkun dé ní nǹkan bí ọdún 1603. Ìlú olódi tó wà lábẹ́ Ìbíní, tó sì kún fún ọmọ ogun, ló ròyìn. Àkọsílẹ̀ yìí gbè sẹ́yìn Ìbíní lórí ẹni tó ń pàṣẹ níbẹ̀ nígbà náà, kò sì sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀dó. Ìtàn méjèèjì lè jọ jẹ́ òótọ́, nítorí pé apẹja àti àgbẹ̀ lè ti wà lórí ilẹ̀ kí ológun tó dé.

Ọ̀nà yòówù kí ó gbà, ìlú tó jẹ́ ti omi, ti òwò àti ti ogun kò lè ṣe láìsí ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n, àdá àti ọ̀kọ̀. Agbo ilé ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí. Ọmọ alágbẹ̀dẹ kì í fọwọ́ kan ọmọ owú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹwìrì ni yóò kọ́kọ́ máa fi fínná, títí apá rẹ̀ yóò fi mọ ìwọ̀n atẹ́gùn tí iná ń fẹ́. Ojú rẹ̀ ni yóò fi kọ́ àwọ̀ irin: ìgbà tó pọ́n tí kò tíì ṣeé tẹ̀, ìgbà tó ràn dáadáa tó ń gbọ́ ti òòlù, àti ìgbà tó ti tutù débi pé ẹni tó bá lù ú yóò kàn fọ́ ọ ni. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún un ní ohun kékeré rọ. Ẹ̀kọ́ ìwà wà nínú rẹ̀, ètùtù Ògún wà nínú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí lágbára nítorí pé kò sí ààlà láàárín ilé ìwé àti ibi iṣẹ́. Ibi tó ti mẹ́hẹ ni pé ìdílé ló ni í. Ẹni tí baba rẹ̀ kò ṣe alágbẹ̀dẹ lè máà rí ẹni tí yóò ṣí àṣírí iṣẹ́ náà payá fún un. Ìdí nìyẹn tí ìyípadà ńlá fi dé nígbà tí Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn àlejò tó gbé iṣẹ́ lọ́wọ́ wá, tí wọn kò sì ní ìdílé tó tó láti gbé e fún.

Àgùdà, Sàró àti àwọn atẹ̀wé

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní 1851, wọ́n sì gba ìlú náà ní 1861. Láàárín àkókò yẹn àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú tàbí ọmọ wọn ń padà bọ̀. Sàró ti Sàró Líónì bọ̀, ọ̀pọ̀ wọn mọ ìwé. Àgùdà ti Bùràsílì àti Kúbà bọ̀, ọ̀pọ̀ wọn mọ iṣẹ́. Ní Bàhíà, àwọn olówó ẹrú máa ń ní kí ẹrú kọ́ṣẹ́ kí ó lè máa ṣiṣẹ́ mówó wá fún wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan ṣe kó owó ìràpadà jọ. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ní Bàhíà ní 1835, ìjọba ibẹ̀ lé àwọn kan, ẹ̀rù sì mú kí àwọn mìíràn fúnra wọn kó ẹrù wọn. Bí bíríkìlà, káfíńtà, aránṣọ àti alágbẹ̀dẹ ṣe kún Pópó Àgùdà, àdúgbò wọn l'Ékòó, nìyẹn.

Nínú àwọn ìdílé Àgùdà, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé láti Bàhíà ni iṣẹ́ náà ti dé ní pípé. Ohun tí àkọsílẹ̀ sọ nípa Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey fi kún ìtàn yẹn. Mohammed Shitta-Bey, oníṣòwò tí wọ́n bí ní Sàró Líónì, ló náwó sí i, wọ́n sì ṣí i ní oṣù keje ọdún 1894. João Baptista da Costa, ọ̀gá bíríkìlà Àgùdà tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ló kọ́ ọ. Ẹni tó ràn án lọ́wọ́ ni Sanusi Aka, Mùsùlùmí ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹni tó bá wo iwájú mọ́ṣáláṣí náà ní Òpópónà Martins, tó rí òdòdó tí wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì yọ sí ara ògiri, ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá àti ti ẹni tó bá a ṣe é. Lórí àgà, lójú iṣẹ́, ni Bàhíà ti di ti Èkó. Ìdílé kò dí ìmọ̀ náà mọ́, ẹ̀sìn kò sì dí i. Ẹni tó bá lè sìn ọ̀gá rẹ̀ tọkàntọkàn ló ń kọ́ ọ.

Ọ̀nà kejì tí iṣẹ́ gbà wọlé ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ní Abẹ́òkúta, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní oṣù kejìlá ọdún 1859, àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀gbá sì kọ́ bí a ṣe ń to lẹ́tà òjé àti bí a ṣe ń tẹ̀wé. Ní 1867, ìjà òṣèlú láàárín Ẹ̀gbá àti ìjọba Èkó di Ìfọ́lé: wọ́n kó ẹrù àwọn òyìnbó, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé náà sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ sá wá sí Èkó, Gómìnà Glover sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta. Kí wọ́n tó dé, Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé láti kékeré, ti bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Anglo-African l'Ékòó ní 1863. Nígbà tí Lagos Times dé ní 1880 àti Lagos Weekly Record ní 1891, iṣẹ́ atẹ̀wé ti di iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi jẹun. Iṣẹ́ yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ó fẹ́ ìwé, ó sì fẹ́ ọwọ́. Atẹ̀wé gbọ́dọ̀ lè ka ohun tó ń tò, láti ẹ̀yìn síwájú pàápàá, kí ó sì mọ ẹ̀rọ.

Ilé ẹ̀kọ́ ńlá ìlú náà gba ọ̀nà mìíràn. J. P. L. Davies, oníṣòwò Sàró, ló ya Babington Macaulay ní £50 tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ girama CMS. Látìnì àti ìmọ̀ ìṣirò wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn òbí kórìíra iṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn ilé òwò ń wá akọ̀wé, owó oṣù akọ̀wé dájú, agbádá ọ̀wọ̀ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé ará Làìbéríà, dá a lámọ̀ràn ní 1896 pé kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ti iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ l'Ékòó, tí ìwé kíkà àti iṣẹ́ yóò jọ máa rìn, òun àti Gómìnà Carter kọ̀wé síra wọn lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn náà kò di ilé. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín: ìwé gba ọ̀nà ọ́fíìsì, ọwọ́ gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Ọkọ̀ ojú irin

Ní ọdún 1896 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó. Ní 1901 ó ti dé Ìbàdàn. Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá tó sá fún Ìfọ́lé ti tẹ̀dó, di ibi tí ilé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ náà wà. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de òyìnbó tí yóò ti Liverpool bọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lónìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ rọ òmíràn lọ́la. Nítorí náà Rélúwéè bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀ka Iṣẹ́ Òde, tí gbogbo ayé mọ̀ sí PWD, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ka ọkọ̀ omi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Àpápá, ilé ìfìwéránṣẹ́ náà sì ń kọ́ àwọn tirẹ̀.

Àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí ni ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Yábà tó dé. Wọ́n kọ́ni dáadáa. Fítà, tọ́nà àti wẹ́dà tó jáde níbẹ̀ mọ ìwọ̀n, wọ́n sì mọ irin. Àmọ́ ohun tí ẹ̀ka nílò nìkan ni wọ́n ń kọ́ wọn, òyìnbó ló sì ń jẹ fọ́máànù. Ọmọ ilẹ̀ yìí lè mọ ẹ̀rọ ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, kí ó má sì kúrò lójú kan. Ìrora yẹn ló sọ ilé iṣẹ́ di ilé ẹ̀kọ́ irú mìíràn. Michael Imoudu, ọmọ iṣẹ́ tọ́nà ní Rélúwéè, di olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní 1945, nígbà tí owó ọjà ogun ti gun òkè tí owó iṣẹ́ kò sì kúrò níbi tó wà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dáṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn ti Rélúwéè sì wà níwájú. Iṣẹ́ ọwọ́ ti fún wọn ní ohun tí akọ̀wé kò ní: bí wọ́n bá dúró, ìlú dúró.

Ìjà lórí àwòrán

Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà gba ọ̀nà tirẹ̀ dé, ọkùnrin kan ló sì jà fún un jù. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882, fúnra rẹ̀ kọ́ àwòrán yíyà nípa wíwo àwòrán inú ìwé òyìnbó tó sì ń dà á kọ. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, iṣẹ́ tí a ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Nígbà náà, àwọn òyìnbó kan gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè ya ènìyàn kí ó jọ ẹni náà. Onabolu fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ já irọ́ yẹn. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kẹ́kọ̀ọ́ ní St John's Wood, ó sì padà ní 1922. Láti ìgbà náà ló ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí èkejì l'Ékòó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí ọ̀nà gbọọrọ ṣe ń tín-ín-rín bó ti ń jìnnà, títí etí rẹ̀ méjèèjì yóò fi pàdé lójú kan. Àwọn ọmọ sọ ọ́ ní Mr Perspective.

Ó rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ ọnà sí i. Kenneth Murray dé ní 1927. Ibi tí àkọsílẹ̀ àti ìrántí àwọn ayàwòrán ti yàtọ̀ nìyí. Ìwé ìjọba fi dídé Murray bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọnà ní Nàìjíríà. Àwọn ayàwòrán Èkó ní rárá, Onabolu ti ń kọ́ni fún ọdún mélòó kan kí ó tó dé, láìsí pé ìjọba kà á sí. Mo gbà pẹ̀lú àwọn ayàwòrán, nítorí pé láìsí ẹ̀bẹ̀ Onabolu kò sí ẹni tí yóò rán Murray.

Wọ́n tún yàtọ̀ lórí ohun tó yẹ kí a kọ́ ọmọ. Murray ní kí àwọn ọmọ máa lo ohun tí baba wọn ń lò: igi, amọ̀, òwú, kí wọ́n sì ya ohun tí wọ́n ń rí ní ìlú wọn. Onabolu ní ẹ̀tọ́ wa ni láti mọ ohun tí òyìnbó mọ̀. Ọ̀rọ̀ Murray bọ́gbọ́n mu, ìfẹ́ tó ní sí iṣẹ́ ọnà wa kò sì ní àbùkù. Òun ni ó jà fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní Oníkàn ní 1957. Ṣùgbọ́n ẹnu òyìnbó ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, ní àkókò tí ìjọba rẹ̀ ń sọ pé ẹ̀kọ́ ìwé púpọ̀ kò yẹ wá. Ìdí nìyẹn tí etí Èkó kò fi gbà á tán.

Yábà

Ìfura kan náà ló pàdé Yaba Higher College. Àwọn kan ka ọdún 1932 sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ka 1934, nígbà tí wọ́n ṣí i lójú gbogbo ayé. E. R. J. Hussey, ọ̀gá ẹ̀kọ́ ìjọba, ló gbé e kalẹ̀: ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìwọnlẹ̀, iṣẹ́ àgbẹ̀, ìṣègùn àti iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tí ìlú nílò ni. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ kì í ṣe ti yunifásítì, igbákejì òyìnbó ni ẹni tó bá jáde níbẹ̀ yóò sì máa jẹ́. Inú ìbínú yìí ni ẹgbẹ́ òṣèlú Lagos Youth Movement ti ṣẹ́ yọ ní 1934, pẹ̀lú Ernest Ikoli, J. C. Vaughan, Samuel Akinsanya àti H. O. Davies. Àwọn ọmọ Èkó kò bá ìmọ̀ ẹ̀rọ jà. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni kí a fi ìmọ̀ ẹ̀rọ ṣe àjà tí orí wọn kò ní kọjá. Àbùkù náà lẹ̀ mọ́ orúkọ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Nígbà tí yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yábà lọ síbẹ̀. Ìwé lọ sí Ìbàdàn, ọwọ́ dúró ní Yábà. Yaba Technical Institute, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ló di Yaba College of Technology ní 1963, tí ọmọ Èkó ń pè ní YabaTech. Inú ọgbà yìí ni ìṣọ̀kan tí Blyden ń wá ti fojú hàn díẹ̀. Paul Mount, agbẹ́gilére ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dé ní 1955 láti dá ẹ̀ka ọnà sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ní nǹkan bí 1962, Yusuf Grillo gba ibẹ̀, ó sì ṣe olórí ẹ̀ka ọnà àti ìtẹ̀wé fún bí ọdún 25.

Grillo yẹ fún iṣẹ́ náà. Pópó Àgùdà ni wọ́n bí i sí ní 1934, láàárín ilé tí àwọn bíríkìlà Bàhíà kọ́. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Zaria, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tó dá Zaria Art Society sílẹ̀ ní 1958, tí wọ́n ní kí ayàwòrán gba ọgbọ́n òyìnbó láìsọ ti ilé nù. Ìdáhùn sí ìjà Onabolu àti Murray nìyẹn. Àwòrán rẹ̀ kún fún àwọ̀ aró àti obìnrin onígèlè gogoro, ó sì ṣe gíláàsì aláwọ̀ fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bó tilẹ̀ jẹ́ pé Mùsùlùmí ni. Ẹ̀ka tó jẹ́ olórí rẹ̀ kò ya ọnà kúrò lára iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Ayàwòrán àti atẹ̀wé wà lábẹ́ òrùlé kan, bí wọ́n ṣe wà títí dòní ní ẹ̀ka ọnà, ìgbékalẹ̀ àti ìtẹ̀wé. Ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà, ilé ìròyìn àti ilé aṣọ ń dúró de ẹni tó bá jáde. Iṣẹ́ wà, iyì sì wà, nítorí pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ìlú ń júbà. Grillo náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán Nàìjíríà.

Epo, ilé iṣẹ́ àti títì

Lẹ́yìn òmìnira, ilé iṣẹ́ kún Àpápá, Ìkẹjà, Ìlúpéjú àti Ìsọlọ̀. Ìgbìmọ̀ Ashby, tí ìjọba yàn lórí ẹ̀kọ́ gíga, ti kìlọ̀ ní 1960 pé àwọn tó wà láàárín ẹnjiníà àti lébìrà kò tó. Owó epo fún ìjọba ní agbára láti dáhùn: Industrial Training Fund ní 1971, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ní 1973, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní 1977. Ọdún yẹn náà ni Ìpínlẹ̀ Èkó dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tó di yunifásítì LASUSTECH ní 2022.

Owó epo kan náà ló tún ba nǹkan jẹ́. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì di ọ̀nà sí ọ́fíìsì àti mọ́tò, ẹni tó gba HND, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ, sì ń rí i pé wọ́n gbé ẹni tó gba dìgírì sórí òun níbi iṣẹ́. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ti 1982 fẹ́ kí gbogbo ọmọ fọwọ́ kan irinṣẹ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ láti òkè òkun, ọ̀pọ̀ sì pẹ́ nínú páálí nítorí pé kò sí iná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986 tí náírà sì já, ilé iṣẹ́ tó gbójú lé ohun èlò òkè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé. Iṣẹ́ tó ń dúró de ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ti lọ, iyì rẹ̀ náà ti lọ.

Títì ló gba ẹ̀kọ́ náà sílé. Lábẹ́ ààbò páànù ní Mushin, ní Ládípọ̀, ní Computer Village ní Ìkẹjà, ọ̀gá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ ṣe ń kọ́ ọ. Ọmọ á gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á mọ orúkọ spánà kí ó tó lò ó, á máa bá ọ̀gá di ìdí ẹ̀rọ mú. Lọ́jọ́ tó bá ṣe fírídọ̀mù, wọn á gbàdúrà, wọn á fún un ní ìwé ẹ̀rí, wọn á pín jọ̀lọ́ọ̀fù, ìyá rẹ̀ á sì jó. Ìtẹ̀síwájú tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ló lè wọlé. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí ọ̀gá kò mọ̀, ọmọ kò lè mọ̀ ọ́n. Mọ́tò tuntun ń lo kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò sì rí ibi tí wọ́n ti lè kọ́ ọ. Bí a ṣe ń kọ́lé lónìí, ọ̀pọ̀ ń wá ẹni tí yóò lẹ táìsì láti Kùtọnu àti Lómé, nígbà tí ọmọ wa tó ní ìwé ẹ̀rí ń wá iṣẹ́ kiri.

Ní 2009, Ìpínlẹ̀ Èkó dá àjọ LASTVEB sílẹ̀ láti bójú tó àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ márùn-ún. Ìgbésẹ̀ rere ni. Àmọ́ bí ìtàn yìí bá ní ẹ̀kọ́ kankan, òun ni pé ilé àti ẹ̀rọ nìkan kò tó. Àwọn Àgùdà kò ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì kọ́ ìlú. Yábà ní ilé ẹ̀kọ́ ní 1934, inú sì bí ìlú sí i. Ohun tó kù láti ṣe ni kí ọ̀gá títì ní ààyè nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe ìdánwò tí àwọn ilé iṣẹ́ yóò bọ̀wọ̀ fún, kí ẹni tó gba HND má sì jẹ́ ẹrú dìgírì mọ́. Àpò ìjọba lè ra ẹ̀rọ. Iyì ni àwa òbí, agbanisíṣẹ́ àti ìjọba gbọ́dọ̀ jọ san, nítorí pé àwa náà la jọ gbà á lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọwọ́.